Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àkọ́díọ̀nù Ẹgbẹ́ Wa

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. A kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ àná títí tí yóò fi di ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbé mì, nítorí pé ìpàdé tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àkọ́díọ̀nù wa.

Gbogbo ẹni tó wà ní Alẹ́ Àṣà ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Arábìnrin tó ń bá wa tẹ ohun èlò náà fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, àwọn onílù ti múra sílẹ̀, akọrin sì gbé orin. Ọwọ́ ọ̀tún dùn, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò dùn. Ọwọ́ òsì, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà, ni ìṣòro ti dé. Nígbà tó tẹ Dò, ohùn náà bú bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè Hawan Kibo. Nígbà tó bọ́ sórí Sò, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí aládùúgbò ni. Fà ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dáhùn lásìkò. Orin ti kọjá lọ kí ó tó là á lẹ́nu, nígbà tó sì là á, ó ń hó bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ẹnì kan dá a lábàá pé kí á ta àkọ́díọ̀nù náà ní iye yòówù tí wọ́n bá fún wa, kí á máa háyà kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nawọ́ sókè. Àwa kò nawọ́, ìdí tí a kò fi nawọ́ ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Oríṣi méjì ni àìdọ́gba tó wà nínú ohùn ìsàlẹ̀ àkọ́díọ̀nù. Èkínní ni èyí tí a dá mọ́ ọn, tí yóò wà níbẹ̀ bó ti wù kí ohun èlò náà dára tó. Èkejì ni àìsàn, tí a sì lè wò sàn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò ta ohun tó yẹ kó tún ṣe, tí yóò sì máa bínú sí ohun tí kò ní àtúnṣe.

Kí a tó lọ jìnnà, àwọn kan sọ ní ìpàdé pé ohun òyìnbó ni àkọ́díọ̀nù, pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá. Ọdún 1829 ni Cyrill Demian gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlú Vienna. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ orúkọ Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró tí kò ní rántí àkọ́díọ̀nù? Òun ni a mọ̀ pé ó sọ ọ́ di ohun èlò jùjú, tó gbé e sí àárín gìtá àti gángan, tí etí fi gbà á. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tó wá di Blue Spots. Ní 1963 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Kó tó di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 1996, ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin ní Yunifásítì Washington tó wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kan àwa ará Jos: Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1930, bẹ́ẹ̀ ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n, iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Iṣẹ́ rélùwéè, òwò, àti tánganran tí àwọn Hausa ń pè ní kuza ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa àgbà dé orí òkè yìí. Ọmọ àjò ni Dáíró, ọmọ àjò ni àkọ́díọ̀nù, ọmọ àjò ni àwa náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣí i wò.

Ẹwìrì ló wà láàárín rẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí a bá fà á, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí a bá tì í, afẹ́fẹ́ á jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ahọ́n irin kọjá. Irin pẹlẹbẹ ni ahọ́n kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kan ìdí rẹ̀ mọ́ irin mìíràn, wọ́n sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lófo lókè ihò tóóró kan. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ lù ú, yóò máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di ohùn. Ahọ́n kékeré ń gbọ̀n kíákíá, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Ahọ́n ńlá kì í yára gbọ̀n, ohùn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Àwọn ahọ́n tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gùn, wọ́n sì nípọn; àwọn oníṣẹ́ tún máa ń fi ẹrù díẹ̀ sí wọn lórí kí ohùn wọn lè túbọ̀ lọ sílẹ̀. Irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí. Nítorí náà, bí a bá fi ẹwìrì rọra mí, ahọ́n kékeré á dáhùn, ahọ́n ńlá á ṣì máa sùn. Ẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún wo èyí. Bọ́tìnì 48 ló wà lọ́wọ́ òsì tiwa. Èyí tó tóbi, tí àwọn ọ̀gá ń lò, a máa ní 120. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín jẹ: ohùn méjìlá péré ni gbogbo 120 náà ń pín lò láàárín ara wọn. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kan fún ohùn ìsàlẹ̀, kì í ṣe ahọ́n kan ṣoṣo ló ń dáhùn. Ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ṣùgbọ́n bí bàbá, ìyá àti ọmọ ṣe ń kọ orin kan náà ni: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè rẹ̀, ọ̀kan lókè téńté. Bí a bá wá ń gun àtẹ̀gùn ohùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó dé ibi tí àwọn ahọ́n náà ti tán. Kò sí àyè fún èyí tó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpótí, nítorí náà a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tó yẹ kó kàn gòkè díẹ̀ yóò já bọ́ sísàlẹ̀ lójijì, yóò sì wúwo ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Ibi tí oníṣẹ́ kan fi ààlà yìí sí lè yàtọ̀ sí ti oníṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ààlà gbọ́dọ̀ wà. Bákan náà, àwọn ahọ́n kan sún mọ́ ihò tí ohùn ń gbà jáde, àwọn kan sì wà nínú lọ́hùn-ún. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà, àìdọ́gba mìíràn dé nìyẹn.

Kò yẹ kí èyí ya ẹni tó mọ ìlù wa lẹ́nu. Ojú méjì ni bàtá ní: ojú òjò tó tóbi, àti ṣáṣá tó kéré. Kò sí àyàn kan tó máa sọ pé kí á ju ìyáàlù sígbó nítorí pé ohùn ṣáṣá kò dọ́gba pẹ̀lú ti ojú òjò. Àìdọ́gba wọn gan-an ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ àyàn kì í fi ìlù sílẹ̀ láìtọ́jú. Ó ń fi ìda sí ojú ìyáàlù bàtá, ó ń fi sí ojú gúdúgúdú, ó ń yá ìlù lóòrùn tàbí nídìí iná kí awọ rẹ̀ lè le. Àyàn mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀dá ìlù, ó sì mọ èyí tó jẹ́ àìsàn rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kó lò.

Kí wá ni àìsàn àkọ́díọ̀nù? Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a ń gbé. Jos ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo wa la mọ bí ètè ṣe ń là, tí ìlẹ̀kùn pákó ń yọ̀ kúrò nínú férémù rẹ̀, tí eruku sì ń bo ìwé lórí tábìlì láàárín òru kan. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí àkọ́díọ̀nù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ahọ́n ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń dí ihò tí a kò lò lọ́wọ́, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣòfò. Bí awọ yìí bá gbẹ, yóò ká bí ewé gbígbẹ, afẹ́fẹ́ á máa sá gba ibẹ̀ lọ, ohùn á sì rẹlẹ̀. Ìda ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ irin ahọ́n mọ́ pákó. Bí ìda bá gbó, á sán, afẹ́fẹ́ tún rí ọ̀nà nìyẹn. Bí eruku bíńtín bá kó sí àárín ahọ́n àti ihò rẹ̀, ahọ́n náà lè yadi pátápátá, tàbí kó máa hó. Àwọn ahọ́n ìsàlẹ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ìyà yìí sábà máa ń jẹ jù.

Ẹ má ṣe rò pé ìwé nìkan ni a kà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gbé àkọ́díọ̀nù náà sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a mú bírò àti ìwé, a sì tẹ bọ́tìnì ohùn ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi agbára kan náà ti ẹwìrì, a fi agbára kan náà fà á, a sì ń kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀. Ìdí tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ahọ́n tó ń dáhùn nígbà tí a bá tì í kọ́ ló ń dáhùn nígbà tí a bá fà á. Bí ohùn kan bá dára nígbà títì tó sì burú nígbà fífà, ahọ́n ìhà kan tàbí awọ rẹ̀ ni a ó fura sí. Bí ó bá burú ní ìhà méjèèjì bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdérí ihò tàbí ọ̀pá tó ń ṣí i ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Dò tó bú mọ́ wa lórí kò ṣàìsàn rárá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ààlà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà. Tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, òun sì wúwo. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ọ̀dọ̀ ọwọ́ òsì gan-an. Ẹ̀rọ kì í mú ohùn dọ́gba. Ńṣe ló ń sọ ohun tó tóbi di òkè ńlá. Sò dára nígbà tí a tì í, ó rẹlẹ̀ nígbà tí a fà á: awọ ni a fura sí. Fà pẹ́ ní ìhà méjèèjì, bọ́tìnì rẹ̀ sì rì ju àwọn yòókù lọ: ó jọ pé ìdérí rẹ̀ kì í ṣí tán. Nínú ẹ̀sùn mẹ́ta tí a fi kan ohun èlò yìí, ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Méjì tó kù jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ oníṣẹ́ lè ká. Ṣé nítorí èyí la ó ṣe ta á?

A gbà pé ẹ̀yin tí ẹ ráhùn kò ráhùn lásán. Ní èdè tiwa, ohùn ni ìtumọ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ ìgbà ìjímìjí túmọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló yí padà lẹ́nu akọrin. Ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún àtúnṣe ni T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tí ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Bí ohùn ìsàlẹ̀ kan bá ń bú ju èkejì lọ, yóò bo akọrin mọ́lẹ̀ níbi tí ohùn tirẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀, etí kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àìdọ́gba yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A kàn ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ ni.

Ẹ ó ní kíbọ́ọ̀dù ń kọ́, tí gbogbo ohùn rẹ̀ dọ́gba bí eyín ẹ̀rọ. A kò bá kíbọ́ọ̀dù jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù tí a ń sọ yìí ń fẹ́ iná. Bí iná bá lọ, a ó wá jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á sì máa kọ béèsì tirẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Kí akápò wa jọ̀wọ́ ṣírò owó háyà, owó epo àti owó ọkọ̀ fún gbogbo òde tí a ń lọ láàárín ọdún kan, kó sì fi wé owó àtúnṣe awọ kan àti ìdérí kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí á tó dìbò.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn wá ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ tí a rẹ́rìn-ín yẹn, arábìnrin wa kò tíì fọwọ́ kan àkọ́díọ̀nù mọ́. Òun nìkan kọ́ sì ni ẹ̀rín ti pa lẹ́nu mọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí. Jos ni wọ́n bí àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Hausa ni a fi ń nájà ní Terminus, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kàwé, Yorùbá ni a ń gbọ́ nílé lálẹ́. Hausa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohùn àárín bíi tiwa. Ohùn àárín àti ti ìsàlẹ̀ sì máa ń dàrú mọ́ àwa lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú wa dìde ní ìpàdé, ó fẹ́ sọ pé òun ń wá ọkọ̀ lọ sí Bukuru, ó sọ pé òun ń wá ọkọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, kò sì tún dìde mọ́ títí sáà fi parí. Àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní méjì kan sì wà tí wọn kò wá sí ìpàdé mọ́ rárá. Ahọ́n wọn ni kò dọ́gba. Ahọ́n tí kò dọ́gba nínú àpótí, a fẹ́ tà á. Ahọ́n tí kò dọ́gba lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́, a fi ẹ̀rín lé e lọ. Ta ló wá kù tí yóò kọ orin wa lórí òkè yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta wá, ẹ̀yin ni Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu yín. A kò ní kí ẹ pa àṣìṣe mọ́ wa lára. Ẹ tún un ṣe fún wa bí àyàn ṣe ń tún ìlù ṣe: kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe àti èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé ẹlòmíràn nìyẹn.

Ní ti àkọ́díọ̀nù, ohun mẹ́rin ni a ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Èkínní, kí á dá ọ̀rọ̀ títà dúró di ọdún tó ń bọ̀. Èkejì, kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa títún dùùrù aláfẹ́fẹ́ ṣe, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì fi fáìlì kàn án. Bí a bá ha orí ahọ́n, ohùn rẹ̀ á gòkè. Bí a bá ha ìdí rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Irin tí a bá sì ti ha kúrò kò ṣeé dá padà. Kí ẹnikẹ́ni má sì da òróró sí i. Ẹ̀kẹta, kí á máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀ ní ìdúró, kí awọ inú rẹ̀ lè so kalẹ̀ bó ti yẹ. Kí á má gbé e sí oòrùn tàbí sínú búùtù ọkọ̀, nítorí ìda ń yọ́. Ẹ̀kẹrin, kí á lọ bẹ arábìnrin wa. Kí ó máa fọwọ́ kan Dò díẹ̀ kó sì ká ọwọ́ kúrò kíá, kí ó má dì í mú pẹ́. Kí àwa náà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lọ́dọ̀ ọwọ́ òsì rẹ̀.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì fani mọ́ra, àwa gan-an ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé kí á tà á. Títí di ìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á pàdé ní ìpàdé, kí á sì fọ̀rọ̀ wérọ̀ bí ọmọ ìyá.

Kí Èdùmàrè fi àṣeyọrí sí ìdánwò wa. Ire o!